Ahọ́n Tíṣà Ọlátúndé

"Ẹ yọ ahọ́n yín síta. Ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn."

Jemima fi ìka méjì di àgbọ̀n bàbá rẹ̀ mú ṣinṣin. Ṣíbí ìmutíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ẹ̀yìn ṣíbí náà ló sì fi ń fa ahọ́n bàbá wá síwájú. Ahọ́n ọ̀hún wúwo. Ó yà sí apá ọ̀tún, ó yọ́ padà sílé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Itọ́ ṣàn gba igun ẹnu tó ti wọ́, ó kán sórí táì pupa tí Jemima ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn lọ́rùn.

"T'...," ni bàbá wí.

"Rárá. T lẹ pè yẹn. Ahọ́n yín kan erìgì. Kò gbọdọ̀ kan erìgì rárá, àárín eyín ni kó wà. 'Thank you.' Ẹ tún un ṣe."

"T'..."

"Ẹ tún un ṣe!"

Ọwọ́ òsì bàbá, èyí tí àìsàn kò mú, gbéra lórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa bẹ́líìtì ṣòkòtò tí Jemima dè fún un láàárọ̀. Jemima mú ọwọ́ náà, ó gbé e padà sórí apá àga bí ẹni ń gbé ìwé padà sórí pẹpẹ. Ó rò pé kóòtù àti ṣòkòtò náà ló ń ni ín lára. Kó máa ni ín lára. Ta ni wọn kò ni lára rí nínú ilé yìí?

Ọjọ́ Sátidé ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bàbá ń bọ̀ láti wá fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Ilé-ìwé ìjọ tó kọ́ wọn, lẹ́yìn òkè Màpó, fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ ya fídíò Tíṣà Ọlátúndé kí gbogbo èèyàn lè rí i lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fẹ́ kó sọ: 'Thank you.' Ọ̀rọ̀ wo ni ì bá tún yẹ ẹ́ ju ìyẹn lọ? Láti ìgbà tó ti di tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ tó jáde ní kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ sọ pé 'tank you'. Láti Òjé dé Oníyanrìn, àwọn àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì wà tí wọ́n máa ń yọ ahọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dúpẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pàṣán Tíṣà ṣì ń ta wọ́n lẹ́yìn. Tíṣà Ahọ́n ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Bó bá ń kọjá ní Bẹẹrẹ láyé ìgbà tó lè rìn, ọmọ a fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, a yọ ahọ́n sí i, a sì sá lọ.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú ilé rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n. Àǹtí Deborah, àbúrò bàbá lóbìnrin, ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló mọ ìgbà tí ebi ń pa á àti ìgbà tí oorun ń kùn ún. Ṣùgbọ́n Àǹtí Deborah ti bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ gun orí òkè àdúrà lọ láti àná, ó sì ní kí Jemima wá bá bàbá gbé títí òun yóò fi dé. Jemima fi ilé rẹ̀ l'Ókè-Àdó sílẹ̀, ó wá. Kó tó lọ, Àǹtí Deborah fi ìdárayá ahọ́n hàn án, bí obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn lọ́rọ̀ sísọ ní ọsibítù ṣe fi han òun: kó máa fi ṣíbí ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó sì fi sílẹ̀ bó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Ó ti rẹ bàbá tipẹ́. Jemima kò fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ Jemima kò yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ni ní ilé-ìwé gíráámà, bó bá sì ti kan ẹ̀kọ́ ìró, òun ni gbogbo olùkọ́ yòókù ń pè. Ó lè ya inú ẹnu ènìyàn sójú pátákó láìwo ìwé: ètè, eyín, erìgì, àjà ẹnu, ahọ́n láti ṣóńṣó dé ìdí. Ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń há, ó mọ ibi tó ti ń bú jáde. Inú àwọn ọmọ a máa dùn bó bá ní kí wọ́n fọwọ́ lé ọ̀fun kí wọ́n lè mọ bí 'z' ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀, tí 's' kò sì jẹ́ gbọ̀n. Kò fi pàṣán kan ọmọ kankan rí nítorí ìró. Ibi tó ti yàtọ̀ sí Tíṣà Ahọ́n nìyẹn, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàtọ̀ náà tó.

"Ẹ ò fẹ́ ṣe é ni," ló wí báyìí. Ó ju ṣíbí sínú ife, ó ró woroworo. "Ẹ lè ṣe é. Ẹ kàn ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n óò kọ́ yín."

Bàbá ń wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọwọ́ òsì tún ti bọ́ sí ìdí bẹ́líìtì.

"T'... t'..."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

Ohùn ara rẹ̀ bà á lẹ́rù. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà tò lọ nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, títí dé Ọjà'ba, ariwo ọjà sì ń gòkè bọ̀ bí omi tó ń hó lórí iná. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Jemima kò gbàgbé nǹkan kan.

"Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Màmá ṣubú?" Ó bi í láìyíjú padà.

Kò dúró de ìdáhùn.

"Ẹ ò lè rántí. Ẹ jẹ́ n rán yín létí."

Ó sì rò ó fún un, ohun tí kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Ọmọdé ni nígbà náà. Ibà ń ṣe é, kò lọ sílé-ìwé, ló bá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá gun àga láti nu fèrèsé, àga yẹ̀, ìyá já lulẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Igbe tó ké kò jọ ohùn rẹ̀. "Sáré lọ pe bàbá rẹ!" Jemima sáré láìwọ bàtà, ó gun òkè Màpó. Ó já wọ kíláàsì bàbá. Èèwọ̀ ni Yorùbá níbẹ̀. Èèwọ̀ ni nínú ilé wọn pàápàá. Ilé ìdáná nìkan ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń jalè. Nítorí náà ó kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ní jọ, ó ní: "Sir, Mummy has fallen down in the shursh."

"In the what?" ni Tíṣà wí.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó pè é síwájú. Ó ní kó gbé ahọ́n lé erìgì, kó dí atẹ́gùn pa, kó tó wá tú u sílẹ̀: 'church'. Jemima ń sunkún, ó ní 'shursh'. Tíṣà ní kó tún un pè. Ó ní 'shursh'. Tíṣà ní kó tún un pè. Nígbà tí Tíṣà fi máa gbọ́ pé ìyàwó òun wà nílẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti gbé obìnrin náà lé ilẹ̀kùn kan, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù Adéọ̀yọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Ó ń tiro títí wọ́n fi sin ín.

"Láti ọjọ́ yẹn, 'Shursh' ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé yẹn. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò bá wọn wí. Màmá bi mí títí ó fi kú, kí ló mú yín pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò tètè rí yín. Mo purọ́ fún ìyá mi, lórí ibùsùn ikú, nítorí yín!" Ó yíjú padà. "Ẹ ó sọ ọ́ lónìí. Ẹ ó sọ ọ́ lójú wọn."

Bàbá gbá apá àga. "T'..." Ó tún gbá a. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn ti mú un ni ojú rẹ̀ ti máa ń ṣomi, ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣe ẹ̀rí.

Jemima mọ̀ pé kò lè sọ ọ́. Ó ti mọ̀ láti alẹ́ àná. Ó lè pe Ọlábọ̀wálé, alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, lórí fóònù, kó ní kí wọ́n wá nígbà mìíràn. Ọlábọ̀wálé fúnra rẹ̀ ti pè, ó béèrè bóyá bàbá lè sọ̀rọ̀, Jemima sì ní ó lè sọ̀rọ̀. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀, tó le bí ọmọ odó, tó fẹ́ kí wọ́n wá.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọlábọ̀wálé ló kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin gíga kan tó sanra, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀. Abdulmumin, akọ̀wé ẹgbẹ́, tẹ̀ lé e, ó gbé àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì mọ́ àyà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga Tíṣà.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Èmi ni, sà, Ọlábọ̀wálé! Èmi tí ẹ máa ń sọ pé ahọ́n mi sanra jù fún Gẹ̀ẹ́sì!" Ó yíjú sí Jemima. "Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. A ò ní pẹ́ rárá. Kí wọ́n ṣáà ti sọ 'thank you' yẹn, ká máa lọ. Abdulmumin, ṣé ó ti ń gbà á?"

"Ó ti ń gbà á," ni Abdulmumin wí. Fóònù ti wà lókè.

Òógùn bo iwájú orí bàbá. Ó wo Ọlábọ̀wálé, ó wo fóònù, ó wá gbé ojú lé Jemima. Ojú náà ń bẹ̀bẹ̀. Jemima rí i. Ó rò pé ohun tí bàbá ń bẹ̀ fún ni kí wọ́n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó sì fẹnu sún mọ́ ọn létí.

"Ahọ́n síta," ló wí.

"T'..."

"Ẹ kú ìgbìyànjú, sà!" Ọlábọ̀wálé pàtẹ́wọ́. "Àárín eyín, sà! Àárín eyín lẹ sọ fún wa!"

"T'... t'..."

Lẹ́yìn náà ló ṣẹlẹ̀. Àbàwọ́n kan hàn lójú itan ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti etí àga sórí ilẹ̀. Gbogbo wọn ń gbọ́ bó ṣe ń kán. Bàbá di ojú méjèèjì.

Ọlábọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ó kàn fò yọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Bóyá ìtìjú ló fà á, bóyá ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti kíláàsì ni, òun gan-an lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n Jemima mọ ẹ̀rín náà. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu odidi kíláàsì kan rí, bí òun ti dúró níwájú wọn láìwọ bàtà.

Fóònù Abdulmumin ṣì wà lókè.

"Pa fóònù yẹn!"

"Àǹtí, ẹ má bínú, a ò..."

"Mo ní kó o pa á! Kó o sì yọ fídíò ọ̀hún kúrò níbẹ̀ lójú mi, kó o tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yẹn!" Kò rántí ọ̀wọ̀ mọ́. Ó ti wà láàárín àwọn àlejò àti àga, ó fi ara rẹ̀ bo bàbá, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, ó sì dà bí ẹni tó lè gbá ènìyàn.

Abdulmumin tẹ fóònù. Ó yí ojú fóònù náà sí Jemima. "Ó ti lọ, mà. Ẹ wò ó."

"Àǹtí," Ọlábọ̀wálé wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ojú náà sì ti dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé ẹ rò pé torí ká lè dójú ti tíṣà wa la ṣe wá? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n lè sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bà á bí omi gbígbóná, nítorí pé òótọ́ ni.

"Ẹ jáde," ló wí nígbẹ̀yìn.

Abdulmumin gbé àmì ẹ̀yẹ sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ọlábọ̀wálé dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó ká agbádá sókè, ó dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá kò la ojú wò ó.

Balùwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Jemima ki apá bọ abẹ́ apá bàbá, wọ́n ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fa ilẹ̀. Ó gbé e jókòó lórí àpótí. Ó já táì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó tú bẹ́líìtì tó ti dè fún un. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń bínú sí mọ́. Ó ń bínú sí Ọlábọ̀wálé. Ó ń bínú sí Àǹtí Deborah tó gun orí òkè. Ó ń bínú sí arúgbó tó wà níwájú rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ti rù tó bẹ́ẹ̀, tí egungun rẹ̀ ṣe é kà, nítorí kí ló dé tó fi rù? Ta ni kí ènìyàn wá bá jà báyìí?

Ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ń bu ú kíkankíkan.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ló ń wí, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kànìnkànìn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí ṣòkòtò tó tutù lórí ilẹ̀. Ó sì tún un sọ, láìkánjú.

"Tọ̀."

Ọwọ́ Jemima dúró.

Kò wo ẹnu bàbá lọ́tẹ̀ yìí. Etí nìkan ló fi gbọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ohùn náà lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó lọ, kò yẹ̀, kò wọ́. Àrùn tó mú ẹnu kò rí ohùn mú. Tọ̀. Láti òwúrọ̀ ni bàbá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, odidi ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn yóò sọ tí ìyá rẹ̀ á gbé e sáré jáde. Ahọ́n rẹ̀ ń kan erìgì nítorí pé ibẹ̀ ló yẹ kó kàn. Jemima, tó mọ ìró ju gbogbo ilé-ìwé lọ, gbọ́ t, ó sì bá t jà láti àárọ̀. Kò tilẹ̀ wá sọ́kàn rẹ̀ pé bàbá lè máa sọ Yorùbá. Ta ló gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé yìí? Ẹni tó bá dákẹ́ ni tara rẹ̀ ń bá a dákẹ́, wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀. Bàbá kò dákẹ́.

"Tọ̀," Jemima tún un sọ. "Ẹ fẹ́ tọ̀."

Bàbá mi orí. Kò mi ín tayọ̀tayọ̀. Ó mi ín bí ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn tipẹ́, tí wọ́n wá ṣí i fún un nígbà tí òjò ti pa á tán.

Jemima fẹ́ sọ pé ẹ má bínú. Ìbínú tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, kò dín, kò lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti wá jókòó tì í, kò sì ṣe é lé kúrò. Ó rọra fi omi ṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, ó ṣan ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nù ún gbẹ. Ó fi aṣọ ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wé e nídìí, èyí tí kò ní bẹ́líìtì, tí kò ní bọ́tìnì, ó sì mú un lọ jókòó lábẹ́ ibòòji ẹ̀yìnkùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ó ti fẹ́ lọ nu ilẹ̀ pálọ̀ nígbà tí bàbá dún.

"Mm..."

Ojú Jemima sáré lọ sí ètè rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ètè méjèèjì pàdé, apá ọ̀tún kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ń gbọ̀n. Jemima fa ojú kúrò níbẹ̀. Ó wo ojú bàbá.

"Mo," ni bàbá wí. Ohùn àárín. Ó mọ́ gaara.

"Mo," ni Jemima wí.

Bàbá mi orí. Ó tún la ẹnu. Ohun tó kù kò wá. Ọrùn rẹ̀ le, iṣan yọ níbẹ̀, ahọ́n ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn ẹnu rẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ kún ẹnu Jemima tó fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́, bí olùkọ́ ṣe máa ń fi ìdáhùn sí ọmọ lẹ́nu. Ó gbé wọn mì. Ó fa àpótí kékeré, ó jókòó níwájú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti bàbá. Ó mọ bí bàbá yìí ṣe ń pe gbogbo ìró tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè fi ojú dídì ya ibi tí ahọ́n rẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò mọ ibi tó ń lọ, kò sì rántí ìgbà kankan rí tó jókòó ti bàbá rẹ̀ láìmọ ohun tí bàbá náà fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ pálọ̀ ṣì tutù. Jemima kò dìde.